Ta Ni Ó Di Okùn Ẹṣin Mú?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀; bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ tí ń pa á ní Festac Town, àti jákèjádò Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, ni ó ti fi ọwọ́ kan ara ẹṣin rí? Mélòó ni ó mọ ìyàtọ̀ láàárín gàárì àti ìjánu? Ẹṣin ti di ohun tí a ń fi ẹnu gùn. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ń rí i lójúkojú ni ọjọ́ ọdún Iléyá, Àjíǹde tàbí Kérésìmesì, tí bàbá àti ìyá bá kó wọn lọ sí etí òkun tàbí ibi ìgbafẹ́, tí wọ́n san owó, tí a gbé ọmọ gun orí ẹṣin, tí ẹnì kan sì di okùn mú tí ó ń fà á lọ ní ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀.

Àwọn kan ka eré yìí sí àṣà òyìnbó. Wọ́n ní olówó ni ó ń gun ẹṣin, àti pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá ní ẹ̀yìn ẹranko? Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi hàn pé a ti gbàgbé ilé. Àwọn mìíràn sì gbà pé eré lásán ni, pé kí ọmọ sá ti gùn ún, kí a ya fọ́tò, kí a máa lọ. Àwọn náà kò tí ì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ ẹṣin. Láti òkè ọya, lọ́wọ́ àwọn Tápà àti àwọn Hausa, ni àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé ti ń ra ẹṣin, òun sì wà lára ohun tí ó sọ Ọ̀yọ́ di alágbára láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ bá tú sí pápá, ẹlẹ́sẹ̀ kò lè dúró dè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé inú igbó kìjikìji, agbára wọn a dínkù. Igi kò jẹ́ kí ẹṣin sáré, eṣinṣin tsetse sì ń gbé kòkòrò àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi rù tí yóò sì kú. Ìdí nìyí tí ẹṣin fi wọ́n ní gúúsù, tí ó sì fi di ohun ọ̀ṣọ́ ọba, ìjòyè àti balógun. Ẹni tí ó bá ní ẹṣin ní àwùjọ bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní ẹni yẹpẹrẹ. Àwọn àgbà tilẹ̀ ní ẹni tí ó gun ẹṣin tí ó ní òun kò ní ju ìpàkọ́, ẹṣin tí ó gùn ni yóò bá a jù ú.

Ta wá ni ó ń tọ́jú ẹṣin Aláàfin? Olókùn Ẹṣin ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi orúkọ yìí pè. Kì í ṣe Olókun tí ó ni òkun alágbalúgbú omi ni a ń wí. Okùn tí a fi ń de nǹkan ni, okùn tí a fi ń mú ẹṣin. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó di okùn mú ni a fi jẹ oyè ní Ọ̀yọ́! Oyè náà sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí àṣà fi là á sílẹ̀ pé bí Aláàfin bá wàjà, Olókùn Ẹṣin gbọ́dọ̀ bá a lọ. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, aṣojú ìjọba òyìnbó dá Olókùn Ẹṣin dúró ní oṣù Kìíní ọdún 1945, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Ìtàn yìí ni Dúró Ládípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà, tí Wọlé Ṣóyínká náà sì fi kọ ìwé eré rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1975. A kò fẹ́ kí irú ikú bẹ́ẹ̀ padà wá. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé àwọn baba wa kò fi okùn ẹṣin lé ọmọ gbọ́rọ̀ kan ṣáá lọ́wọ́. Ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé ni wọ́n ń fún.

Ẹ tún wo èdè wa. Bí a bá ní kí ènìyàn kó ara rẹ̀ ní ìjánu, irin ẹnu ẹṣin ni a ń wí. Bí a bá ní ẹnì kan ń gún ẹlòmíràn ní kẹ́sẹ́, irin gìgísẹ̀ ẹlẹ́ṣin ni, èyí tí ó fi ń gún ẹṣin ní ìhà kí ó lè sáré. Bí a bá sì kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbéga pé líkàfà rẹ̀ ti gòkè, ọ̀rọ̀ Hausa ni a yá. Likkafa ni irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gàárì, àwọn Hausa náà sì ń fi í kí ẹni tí ó gba ìgbéga. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní àkànlò èdè wọ̀nyí láìfi gàárì hàn án, àfọ́kà ni ó ń kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ẹ̀bá ẹṣin yóò ṣe ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ.

Orúkọ Festac Town fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ó wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ni a kọ́ ìlú náà fún kí wọ́n lè rí ibi sùn. Àjọ̀dún yẹn kan náà ni ó kó àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Hausa jọ sí Kaduna fún ìwọ́de ńlá tí a ń pè ní Durbar. Nítorí náà, ọmọ tí a bí sí Festac Town lè sọ pé inú àjọ̀dún tí ẹṣin ti jó ni ìlú òun ti jáde.

Ìjẹ̀bú-Òde ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹbí Yorùbá lórí ẹṣin lọ. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba. Ìtàn sọ pé àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ nítorí pé ó fún wọn ní àyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, tonígbàgbọ́ tonímàle ni ó ń ṣe é. Àwọn regbéregbé a jó kọjá, àwọn ìdílé balógun ayé àtijọ́ a sì gun ẹṣin wọlé láti kí ọba. Bàbá ń gùn, ìyá ń gùn, ọmọ kékeré náà ń gùn. Ẹ kíyè sí ẹ̀gbẹ́ ẹṣin ọmọ kékeré yẹn: ẹ ó rí ẹnì kan tí ó di okùn mú, tí kò wo ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ wa kò ju èyí lọ: kí òbí tó wo ẹwà ẹṣin, kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tí ó di okùn rẹ̀ mú. Afẹṣin tí ó mọṣẹ́ a máa dúró ní ẹ̀gbẹ́ èjìká ẹṣin, kì í sáré níwájú bí ẹni tí ń fa ewúrẹ́. Kì í wé okùn mọ́ ọwọ́, nítorí bí ẹṣin bá ta, okùn lè ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Kì í so ọmọ mọ́ gàárì, nítorí bí ẹṣin bá ṣubú, ọmọ yóò bá a lọ sílẹ̀. Apá òsì ni ó ti ń gbé ọmọ gùn ún. Kìkì iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ọmọ ki bọ inú líkàfà, kí ẹsẹ̀ má baà há sí i. Bí àṣíborí líle bá wà, ó yẹ kí ọmọ dé e. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ pẹ̀lú pé kí ó má gba ẹ̀yìn ẹṣin kọjá. Ẹṣin ń rí ọ̀tún, ó ń rí òsì, ṣùgbọ́n kì í rí ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ gan-an. Ohun tí kò bá rí ni ó ń ta ní ìpá.

Ẹ wo ẹṣin náà pẹ̀lú. Ṣé egungun ìhà rẹ̀ kò yọ síta? Ṣé egbò kò sí lábẹ́ gàárì? Ṣé omi àti ibòji wà nítòsí? Bí oòrùn ọ̀sán Èkó bá ń pa ènìyàn, ó ń pa ẹṣin. Ẹni tí ó bá san owó gun ẹṣin tí ó ti rẹ̀ ti fi ọmọ rẹ̀ sínú ewu, ó sì ti kọ́ ọ pé kò sí ohun tí ó burú nínú ìyà ẹranko.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ìwà wa sí ẹni tí ó di okùn mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó wá láti òkè ọya, àwọn kan sì ti gbé etí ẹṣin láti kékeré. Ṣùgbọ́n àwa a máa pè wọ́n ní “ìwọ”, a máa ju owó sí wọn, a kì í kí wọn. Ọmọ wa ń wò wá. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ kí a sọ pé, “Màlámù, ẹ kú iṣẹ́.” Ẹ jẹ́ kí ó béèrè orúkọ ẹṣin kí ó tó gùn ún, kí ó sì dúpẹ́ nígbà tí ó bá sọ̀. Iṣẹ́ tí ó jẹ́ oyè ní Ọ̀yọ́ kò lè di iṣẹ́ àbùkù nítorí pé a ń ṣe é ní Èkó.

Bí ọmọ bá bẹ̀rù ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má fi agbára mú un, ẹ má sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bí àwa tí a wà níwájú bá ti ṣe sí ẹṣin, àti sí ẹni tí ó di okùn rẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọ wa yóò ṣe.