Bí Kóòṣì Amẹ́ríkà Bá Fẹ́ Ọmọ Yín: Ìbéèrè Tí Ìyá Ọlọ́jà Gbọ́dọ̀ Béèrè

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti gbígbá ọjà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn eré ìdárayá ni: èyí tó ń sáré bí ẹtu, èyí tó ga tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, èyí tó ń fò. Àwọn ìyá ń wá bá wa ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ pé ẹnì kan ní òun máa mú ọmọ àwọn lọ sí yunifásítì l'Amẹ́ríkà lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí eré tó ń sá. Àwọn mìíràn ń béèrè pé kí ẹgbẹ́ yá àwọn lówó lé e lórí. Ìdí nìyí tí a fi wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí a sì kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa lè mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ di mú. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà ló ń mú owó wá. Bí yunifásítì bá fẹ́ ọmọ yín nítorí eré, àwọn ló máa náwó. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ̀yin kọ́kọ́ mú owó wá kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ yín, ẹ dúró ná, ẹ béèrè ọ̀rọ̀.

ÒÓTỌ́ NI O, KÌ Í ṢE ÀLÁ

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má retí. Ẹ wo Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó. Sìmẹ́ńtì ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń tà l'Ékòó, ọlọ́jà bíi tiwa ni wọ́n. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń gbá kó tó mú bọ́ọ̀lù apẹ̀rẹ̀. Ní 1980 ó lọ sí yunifásítì ìlú Houston, ní 1984 òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tí ẹgbẹ́ NBA yàn lọ́dún náà, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ NBA ní 1994 àti 1995.

Ẹ wo Falilat Ogunkoya, ọmọ Òde-Lẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó kàwé ní Mississippi State University. Ní Òlíḿpíìkì Atlanta ní 1996, ó gba idẹ nínú eré 400 mítà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tún gba fàdákà nínú 4x400 mítà. Ẹ wo Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó lọ sí yunifásítì Texas ní El Paso. Ní 2017 ó borí gbogbo ọmọbìnrin yunifásítì Amẹ́ríkà nínú eré 100 mítà tí wọ́n fi ń fo igi. Ní oṣù Keje 2022, ó sá eré náà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Kò sí obìnrin tó tíì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà ní gbogbo ayé.

Nítorí náà ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà bá wà ni gbájúẹ̀ ń lúgọ sí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LỌ́DỌ̀ WA

Ìyá kan wà láàárín wa ní ìlà àwọn aláta, ọmọbìnrin rẹ̀ ń sá 400 mítà. Ọkùnrin kan wá bá a pé òun ti bá kóòṣì kan sọ̀rọ̀ l'Amẹ́ríkà, pé kó mú mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà wá kí àyè ọmọ má bàa bọ́. Ìyá yìí ti ṣe tán láti kó èésú rẹ̀ àti tọkọ rẹ̀. Ìyálọ́jà ní kí ọkùnrin náà wá síwájú ìgbìmọ̀ ná. Ìbéèrè mẹ́ta péré la bi í: yunifásítì wo ni? Kí ni orúkọ kóòṣì náà? Àkáǹtì ta ni owó ń lọ? Ó ní kóòṣì máa pè tó bá yá. Àkáǹtì sì rèé, tara rẹ̀ ni. A ní kó fún wa ní nọ́ńbà ọ́fíìsì yunifásítì náà. Ó ní òun ń bọ̀. Títí dòní, a ò rí i. Ìyá náà fi díẹ̀ nínú owó rẹ̀ san WAEC ọmọ, ó sì ra bàtà eré fún un.

Ẹ MỌ ỌJÀ TÍ Ẹ FẸ́ NÁ

Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ NCAA ló ń darí eré ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn. Ìpele mẹ́ta ló ní. Division I àti Division II lè fún ọmọ ní owó ẹ̀kọ́ nítorí eré. Division III kì í fúnni lówó nítorí eré rárá, bí wọ́n tilẹ̀ lè ran ọmọ lọ́wọ́ nítorí orí pípé tàbí nítorí àìní. Àwọn yunifásítì bíi Harvard àti Yale náà kì í fúnni lówó nítorí eré. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé òun ti gba owó eré fún ọmọ yín ní Harvard, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹgbẹ́ NAIA tún wà, ti àwọn ilé ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré. NJCAA wà, ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ ò tíì tó fún Division I lè gba kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kọjá.

ÌWÉ ỌMỌ ṢÁÁJÚ ẸSẸ̀ ỌMỌ

Èyí ni ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. Ọmọ lè yára bí afẹ́fẹ́, bí ìwé rẹ̀ ò bá pé, kóòṣì ò lè mú un. NCAA fẹ́ kí ọmọ ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ 16 tí wọ́n fọwọ́ sí ní sẹ́kọ́ńdírì: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún kẹsàn-án nílé ìwé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí kà, ìyẹn JSS3 lọ́dọ̀ wa. Máàkì tí wọ́n ń béèrè jẹ́ 2.3 fún Division I, 2.2 fún Division II, nínú 4 ni wọ́n ti ń kà á. Láti 2023 NCAA kò fi dandan lé ìdánwò SAT mọ́, àmọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀ lè béèrè rẹ̀, tàbí kó béèrè ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì.

Torí náà ẹ tọ́jú káàdì ilé ìwé láti JSS3, ẹ má fi di àkàrà. Kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí bá ara mu lórí ìwé ọjọ́ ìbí, lórí WAEC, lórí páásípọ́ọ̀tù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti dín ọjọ́ orí ọmọ kù. Lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, ọmọ lá kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì.

Ẹ sì má jẹ́ kí ọmọ kàn jókòó sílé lọ́dún méjì mẹ́ta lẹ́yìn WAEC. NCAA ń ka iye ọdún tó kọjá lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdírì àti lẹ́yìn tí ọmọ bá wọ yunifásítì níbikíbi, tó fi mọ́ Nàìjíríà níbí. Òfin wọn lórí èyí ń yí padà, kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé tó fẹ́ ẹ kó tó ṣe ìpinnu.

Ní ti eré fúnra rẹ̀, àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ìdíje gidi ni kóòṣì ń wò fún sárésáré. Fún agbábọ́ọ̀lù, fídíò ni. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè kọ lẹ́tà sí kóòṣì lórí ìmeèlì, pẹ̀lú àkókò rẹ̀, máàkì rẹ̀ àti fídíò. Kò ní kó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

KỌ́ŃGÒ YÀTỌ̀ SÍ KỌ́ŃGÒ

Gbogbo wa la mọ̀ pé kọ́ńgò kan ń bẹ tí wọ́n ti lù nídìí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ní òṣùwọ̀n. Nínú eré sísá, kóòṣì sábà máa ń pín owó ọwọ́ rẹ̀ fún ọmọ púpọ̀: ọ̀kan gba gbogbo rẹ̀, òmíràn gba ìdajì, òmíràn gba owó ìwé nìkan. Ẹ̀yin lẹ ó wá owó tó kù, ní dọ́là. Nítorí náà, bí kóòṣì bá pè, ẹ béèrè àwọn nǹkan yìí, kí ọmọ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀:

1. Ṣé owó ilé ìwé, ibùgbé, oúnjẹ àti ìwé ló wà nínú rẹ̀, àbí apá kan? Èló ló kù fún wa lọ́dún?
2. Ọdún mélòó ni àdéhùn náà? Ọdún kan ni, àbí títí ọmọ yóò fi parí?
3. Bí ọmọ bá fara pa ńkọ́? Ní Division I, wọn ò gbọdọ̀ tìtorí ìfarapa gba owó náà láàárín àkókò àdéhùn. Ẹ tún béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí àdéhùn bá parí.
4. Ta ló máa san owó ìwòsàn àti owó ọkọ̀ òfúrufú?
5. Iṣẹ́ wo ni ọmọ máa kọ́? Ṣé wọ́n á jẹ́ kó kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjinníà, àbí eré ò ní jẹ́ kó ráyè?

Ìbéèrè karùn-ún ni ẹ má gbàgbé. Ẹsẹ̀ lè rọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìwé ẹ̀rí ò rọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe rìsíìtì. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé tí yunifásítì fọwọ́ sí kí ẹ tó yọ̀ lójúde.

ALÁGBÀTÀ ÀTI ÉJẸ́ǸTÌ

Àwọn kan á ní, “Ẹ má sanwó báyìí, tí owó ẹ̀kọ́ bá jáde ni kí ẹ fún mi ní tèmi.” Ó dùn létí, àbí? Ẹ sá fún un. NCAA ka ẹni tó ń gbowó nítorí pé ó fi ọmọ sípò tó ti gba owó eré sí éjẹ́ǹtì, ìyẹn sì lè ba ẹ̀tọ́ ọmọ láti ṣeré jẹ́. Ẹ wo orúkọ kóòṣì lórí íntánẹ́ẹ̀tì yunifásítì fúnra rẹ̀. Ìmeèlì yunifásítì Amẹ́ríkà sábà máa ń parí sí .edu. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n lò, ẹ wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n.

Wọ́n tún ń sọ kiri pé yunifásítì ti ń sanwó fún eléré. Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti oṣù Keje 2025, lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kan, yunifásítì Division I tó bá fẹ́ lè san án. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wọlé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin tirẹ̀ lórí iṣẹ́ àti owó. Kó má fọwọ́ sí nǹkan kan láì béèrè ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀RỌ̀ FÍSÀ, Ẹ FETÍ SÍ I DÁADÁA

Bí yunifásítì bá gba ọmọ, wọ́n á fi ìwé tó ń jẹ́ I-20 ránṣẹ́. Láìsí I-20, kò sí físà akẹ́kọ̀ọ́. Ní 2025, owó SEVIS jẹ́ dọ́là 350, owó físà jẹ́ dọ́là 185. Ìjọba Amẹ́ríkà ni à ń san án fún, kì í ṣe kóòṣì, kì í ṣe éjẹ́ǹtì.

Ó tún kù. Ní oṣù Kejìlá 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan tó dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026, àfi àwọn díẹ̀ tí àṣẹ náà yọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó físà lọ́wọ́ yín láì mẹ́nu ba àṣẹ yìí, yálà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ tàbí olè ni. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì Amẹ́ríkà l'Ékòó tàbí l'Ábùjá ibi tí òfin dé lọ́jọ́ náà.

Ìyẹn ò ní kí ọmọ bọ́ bàtà eré o. Kó máa sáré, kó máa kàwé. Yunifásítì tiwa náà ń ṣeré, ìdíje NUGA wà fún wọn. Ilẹ̀kùn tó tì lónìí lè ṣí lọ́la, ọmọ tí ìwé rẹ̀ pé ni yóò kọ́kọ́ wọlé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wá bá, kó gbé e wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìpàdé kó tó sanwó. A ó jọ kà á, a ó jọ béèrè. Olúwa á jẹ́ ká jèrè àwọn ọmọ wa. Àṣẹ.