Fẹ́sípà bàbá tó wà lẹ́yìn ilé: ẹ dúró ná kí ẹ tó pe onírin àlòkù

Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé nílẹ̀ Yorùbá, kò ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí alùpùpù àtijọ́ kan tí wọ́n gbé ti ògiri lẹ́yìn ilé, tí adìẹ ń yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì ti fi ìjókòó rẹ̀ ṣeré títí tó fi ya. Bí ènìyàn bá bèèrè, wọ́n á ní ti bàbá ni, pé ìgbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà ni wọ́n rà á. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń fi ọmọlanke kiri ra irin àlòkù á kọjá, wọ́n á gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n á gba owó kílò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹni tó tà á kò mọ̀ pé lókè òkun, àwọn kan ń fi owó ńlá wá irú rẹ̀ kiri.

Fẹ́sípà ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, alùpùpù tí àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé kóòtù àti àwọn tó ń wọn kòkó gùn káàkiri ní nǹkan bí ogójì sí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ Ítálì ló ti wá. Ọkọ̀ òfurufú ni ilé-iṣẹ́ Piaggio ń ṣe ní ìlú Pontedera kí bọ́ǹbù tó ba ibẹ̀ jẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí àwọn ará ìlú ń wá ohun ìrìnnà tí owó wọn ká, Enrico Piaggio gbé iṣẹ́ náà lé Corradino D'Ascanio lọ́wọ́, ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú ló mọ̀ ọ́n ṣe, tí kò tilẹ̀ fẹ́ràn alùpùpù rárá. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Kò fi ṣéènì sí i tí yóò máa ta epo sára ṣòkòtò, ó fi irin bo ẹ́ńjìnnì, ó ṣí àárín rẹ̀ sílẹ̀ kí obìnrin tó ró ìró lè jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì fi apá kan ṣoṣo di táyà iwájú mú gẹ́gẹ́ bíi ti ẹsẹ̀ bàálù. Ọdún 1946 ló jáde. Agbọ́n ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè wọn, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń gun òkè kò ní bèèrè ìdí.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló mú kí títún un ṣe yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà òde òní. Tú-sítírókì ni. Ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour", tàbí tó ti wo àwọn agégẹdú níbi tí wọ́n ti ń po epo ayùn onẹ́ńjìnnì wọn, ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà: inú epo bẹntiróòlù ni wọ́n ń po ọ́ìlì sí. Písítìnnì á gòkè lẹ́ẹ̀kan, á sọ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná ti sọ. Kò sí ọ́ìlì kan tó dúró nísàlẹ̀ tí yóò máa rin kírańkì, epo tó ń wọlé náà ló ń gbé ọ́ìlì dé ibi gbogbo. Nítorí náà, bí ọ́ìlì bá kéré, písítìnnì á gbóná, á sì há lójú ọ̀nà. Bó bá pọ̀ jù, èéfín á bo àdúgbò, èédú á sì dí sàlẹ́ńsà títí alùpùpù kò fi ní lè gun òkè mọ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ti àfojúdá. Fẹ́sípà 150 tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VBB, tó jáde ní ọdún 1960, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Super tó tẹ̀lé e ní ọdún 1965, ìdá 2 nínú 100 ni wọ́n ń gbà: mílílítà 100 ọ́ìlì sínú lítà epo 5. Àwọn tó ṣáájú wọn ń gba ìdá 5. Ọ́ìlì inú jíà dá dúró ní tirẹ̀, kò sì ju ìdámẹ́rin lítà lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì tó jẹ́ pé ọ̀kadà onífọ́-sítírókì nìkan ni wọ́n kọ́ ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ti ń bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ jí Fẹ́sípà dìde gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kó má fi ẹsẹ̀ ta á. Ẹ̀rọ tó ti wà lójú kan fún ogún ọdún, ìpẹtà ti lẹ písítìnnì rẹ̀ mọ́ sílíńdà. Bí alágbára ọmọ kan bá gun sítáàtà lójijì, yálà kí ríìngì kán tàbí kí eyín jíà sítáàtà ré. Púlọ́ọ̀gì ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú, wọ́n á da dísù díẹ̀ sí ojú ihò náà, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ yí fáláwíìlì díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ sí òsì. Bí kò bá gbà, kí wọ́n tún da dísù sí i. Sùúrù ni, òòlù kọ́.

Kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì kankan, kí wọ́n fi fóònù ya fọ́tò gbogbo wáyà àti okùn rẹ̀. Okùn jíà méjì ló ń lọ sí ọwọ́ òsì, ẹni tó bá sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ra á rí wàhálà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi iṣẹ́ náà ṣe ni rọ́bà. Àwọn ọ́ìlì síìlì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kírańkì ti gan bí igi láti ọjọ́ pípẹ́. Bí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì bá jẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa fa ọ́ìlì inú jíà mu, á sì máa tú èéfín funfun. Bí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáláwíìlì bá jẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Epo kò ní pọ̀ tó mọ́, ooru á pọ̀ jù, písítìnnì á tún há. Olówó á ní kábúrẹ́tọ̀ ni, wọ́n á tún kábúrẹ́tọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, owó á lọ, àìsàn ò ní lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti wà nílẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ síìlì, bẹ́rìn-ìn àti àwọn wáyà abẹ́ fáláwíìlì tí rọ́bà ara wọn ti ń bó. Owó wọn kò tó owó títú u lẹ́ẹ̀kejì.

Sílíńdà ẹ́ńjìnnì 150 yìí jẹ́ mìlímítà 57 ní fífẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, àwọn onílẹ́ètì á ríbóò rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ra písítìnnì tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, kí onílẹ́ètì wọn písítìnnì náà kó tó gbẹ́ irin. Ọ̀pọ̀ ń gbẹ́ ẹ tán kí wọ́n tó máa wá písítìnnì kiri.

Ní ti ara rẹ̀, Fẹ́sípà kò ní egungun lọ́tọ̀ bíi ti alùpùpù yòókù. Páànù tí ẹ ń wò yẹn náà ló gbé ẹni tó gùn ún. Omi sì máa ń sápamọ́ sí abẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí sukurudiráfà bá wọ ibẹ̀ tó sì yọ sí òdìkejì, wẹ́dà ló kù, kì í ṣe ọ̀dà. Àwọn panẹbítà kan mọ̀ ọ́n fi pọ́tì dí ihò, kí wọ́n kùn ún tán kó máa dán. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léwu, nítorí pé irin tó jẹrà lábẹ́ ọ̀dà lè ṣẹ́ lójú títì. Àwọn tó ń ra Fẹ́sípà láti òkèèrè náà ti rí i dáadáa, pàápàá nínú àwọn tó wá láti Vietnam, tí òde wọn ń dán bíi dígí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó ti ilé-iṣẹ́ jáde, kó yọ táńkì epo, kó wo abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń kù sí, nítorí pé ọwọ́ akunlé kì í dé ibẹ̀. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ṣì pọ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi wáàsì nù ún, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú tó ti ha nítorí bàtà ẹni tó fi gùn ún lọ síbi iṣẹ́ fún ogún ọdún dára ju ọ̀dà tuntun lọ. Irin dídán àti iná aláràbarà tí àwọn kan ń tò mọ́ ọn kò sí lára rẹ̀ láti ilé, ó sì ń dín iye rẹ̀ kù.

Pààtì kò tán nílẹ̀ pátápátá. Àwọn oníṣòwò pààtì alùpùpù pọ̀ ní Nnewi, ẹrù tọ́kúnbọ̀ sì wà. Ilé-iṣẹ́ LML nílẹ̀ Íńdíà náà ṣe irú Fẹ́sípà PX fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú pààtì rẹ̀ ló sì bá PX mu. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń lọ ọjà kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ìbòrí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù náà dání, nítorí pé "Fẹ́sípà 150" nìkan kò tó. Pààtì Super kò fi gbogbo ara bá ti PX mu.

Bó bá ti wá gbá, kí ẹnikẹ́ni má sáré lé e. Ríìngì tuntun nílò nǹkan bíi kìlómítà 1,000 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó tó jókòó dáadáa.

Ìrànlọ́wọ́ kan tún wà tí kò sí lọ́jà. Ẹni tó gùn ún fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ iye ìgbà tó ń ta á kó tó dáhùn láàárọ̀. Ó mọ̀ pé ó ń fà sí ọ̀tún nítorí pé apá ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, ó sì lè rántí ọdún tí wọ́n ríbóò rẹ̀ kẹ́yìn. Bí bàbá bá ṣì wà láyé, kí wọ́n gbé àga fún wọn sí ìdí iṣẹ́ náà kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Àwọn náà ni wọ́n lè sọ ibi tí ìwé rẹ̀ wà, èyí tí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì á bèèrè bí wọ́n bá fẹ́ yí i sí orúkọ ọmọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú àpótí kan náà tí rìsíìtì owó orí àtijọ́ wà ni.