Eyín híhù kọ́ ló ń pa ọmọ

Bí ara ọmọ oṣù méje bá gbóná lóru, tó ń sunkún, tó tún ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn àgbà ilé ni pé: "Ẹ má jáyà, eyín ló ń hù." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti di ẹ̀bi ru eyín tán, kò sẹ́ni tó máa rántí ibà ẹ̀fọn tàbí omi tí kò mọ́, títí ojú ọmọ yóò fi jìn wọnú.

Lóòótọ́, eyín híhù ní ìnira tirẹ̀. Ẹran ìdí eyín lè wú díẹ̀, kí itọ́ máa dà lẹ́nu ọmọ. Àmọ́ àwọn oníṣègùn eyín ní ibà gidi àti ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe iṣẹ́ eyín. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí eyín àkọ́kọ́ máa ń yọ náà ni agbára tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ láti fi bá àìsàn jà ń dín kù. Ìgbà náà ló tún ń rákòrò, tó ń kó gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu. Eyín àti àìsàn kàn pàdé lọ́nà ni.

Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò lè tọ̀ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé àwọn ilé-ìwòsàn ńlá. Oògùn eyín olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin ni wọ́n fún wọn mu. Diethylene glycol ni wọ́n bá nínú rẹ̀, májèlé tí wọ́n ń lò nínú omi ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà ló bà jẹ́. Ọmọ 84 ló ti kú nígbà tí ìjọba ka iye wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009. Ní ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán méjì lára òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7. Eyín tí wọ́n torí rẹ̀ ra oògùn náà, ì bá hù fúnra rẹ̀.

Aṣọ mímọ́ tí wọ́n fi omi tútù rẹ ti tó láti fi ra ẹran ìdí eyín ọmọ. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bó bá ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru, omi ORS ni kí wọ́n máa fún un, kí ìyá má sì dá ọmú dúró.

Gbàrà tí eyín bá yọ ló ti yẹ ní fífọ̀, láàárọ̀ àti kó tó sùn, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ti tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ògì onísúgà tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ sùn, tí wọn ò sì fọ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn náà, wà lára ohun tó ń ba eyín jẹ́ jù.

Àwọn kan á ní kí ni àǹfààní fífọ eyín tí yóò ká. Ogún ni eyín ọmọdé, àwọn ló sì ń di àyè mú fún eyín àgbà. Èyí tó ń ya àwọn òbí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí ọmọ bá tó ọdún mẹ́fà, eyín ẹ̀yìn mẹ́rin máa ń yọ láì jẹ́ pé ìkankan ká. Wọ́n á rò pé eyín ọmọdé ni, wọ́n á jẹ́ kó lu, bẹ́ẹ̀ eyín àgbà ni, kò sì sí òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹ la ẹnu ọmọ náà, kí ẹ kà á láti àárín iwájú: ìkẹfà ni.