Lindsborg: Ìlú kékeré tó sọ ẹṣin onígi di ọjà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tá a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ló ń náání èpo igi. Òwe yìí ló sọ sí wa lọ́kàn nígbà tá a ń yẹ ọ̀rọ̀ ìlú kékeré kan wò lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lindsborg lorúkọ ìlú náà, ìpínlẹ̀ Kansas ló wà, níbi tó jẹ́ pé pápá gbalasa lèèyàn máa ń rí títí tójú ò fi ní í rí i mọ́. Kò sí létí òkun, kì í sì í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka èèyàn lọ́dún 2020, 3,776 péré ni wọ́n bá níbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn àlejò ń lọ síbẹ̀. Wọ́n ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń ra nǹkan lọ sílé. Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni wọ́n ń rà níbẹ̀ gan-an tí wọn ò lè rí rà nílùú tiwọn?

Ebi ló lé wọn kúrò nílé

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣẹ̀yìn ìyàn tó mú lórílẹ̀-èdè Sweden láàárín ọdún 1867 sí 1869. Irè oko ò ṣe dáadáa, ebi pa mẹ̀kúnnù, ọ̀pọ̀ sì di ẹrù wọn, ó di Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí ọdún 1850 títí di 1930, àwọn ará Sweden tó ṣí lọ sí ìhà Àríwá Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 1.3.

Lásìkò yẹn, òfin ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1862 fàyè gba ọ̀pọ̀ èèyàn láti gba éékà 160, bó bá ti lè gbé orí ẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tó sì dáko níbẹ̀. Bí oníkálukú bá fẹ́ dá lọ, ọ̀nà là. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára àwọn ará Sweden tó wà ní Chicago gbà pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lọ́dún 1868, wọ́n dá ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ kan sílẹ̀, wọ́n da owó jọ, wọ́n sì ra ilẹ̀ tó ju 10,000 éékà lọ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ní àfonífojì odò Smoky Hill.

Lọ́dún 1869, àlùfáà ìjọ Lutheran kan, Olof Olsson, kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá láti agbègbè Värmland ní Sweden, ibẹ̀ ni ìlú náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọn kan lára àwọn tó dá ìlú náà sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘Lind’, ‘borg’ sì túmọ̀ sí ilé olódi lédè wọn. Bí orúkọ Lindsborg ṣe jáde nìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ wọn ò dẹrùn rárá. Igi ò pọ̀ lórí pápá, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè láti fi ṣe ilé. Nígbà tó di ọdún 1874, eéṣú bo gbogbo Kansas, ó sì jẹ irè oko run. Ọdún yẹn kan náà làwọn Mennonite tó wá láti Rọ́ṣíà kó irú àlìkámà kan tí wọ́n ń pè ní Turkey Red wọ Kansas. Ó bá ilẹ̀ náà mu gan-an, òun ló sì wá sọ ìpínlẹ̀ náà di ibi tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà jù.

Wọ́n ò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí oko

Ohun tó ya ni lẹ́nu ni pé àwọn àgbẹ̀ yìí ò dúró dìgbà tí wọ́n bá lówó kí wọ́n tó kọ́ ohun tí yóò wúlò lọ́la. Ọdún kejìlá tí wọ́n débẹ̀, ìyẹn 1881, ni Pásítọ̀ Carl Swensson dá Bethany College sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti ìyàwó ẹ̀, Alma, kó àwọn àgbẹ̀ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n sì kọ́ wọn ní Messiah, orin tí Handel kọ. Láti 1882 yẹn ni wọ́n ti fi orin náà ṣe àjọ̀dún lásìkò Àjíǹde.

Lọ́dún 1894, ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan, Birger Sandzén, wá láti Sweden láti kọ́ni níléèwé náà. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú lọ́dún 1954, àwòrán pápá àti òkè tó ń yà sì sọ orúkọ ẹ̀ di ńlá. Lọ́dún 1898, wọ́n kọ́ ilé ìlọyẹ̀fun ńlá kan sétí odò. Nígbà tí Sweden sì kọ́ ilé onígi kan síbi àpéjọ àgbáyé tó wáyé ní St. Louis lọ́dún 1904, wọn ò jẹ́ kó bàjẹ́ síbẹ̀ lẹ́yìn àpéjọ náà. Wọ́n tú u, wọ́n gbé e wá sí Lindsborg. Ilé náà àti ilé ìlọyẹ̀fun yẹn wà lára ohun táwọn àlejò ń wá wò níbi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ìlú náà.

Nígbà tí oko ò gba ọwọ́ púpọ̀ mọ́

Nígbà tí katakata àti ẹ̀rọ ìkórè dé, iṣẹ́ tí ogún èèyàn ń ṣe di iṣẹ́ ẹni kan. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀nà ìlú ńlá lọ, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ní Kansas sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ewu tó wà níwájú Lindsborg náà nìyẹn.

Lọ́dún 1941, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún kan tí wọ́n pè ní Svensk Hyllningsfest, láti fi bọlá fáwọn tó tẹ ìlú náà dó. Oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì. Ijó ìbílẹ̀ Sweden, aṣọ ìbílẹ̀ àti oúnjẹ ìbílẹ̀ ló máa ń kún ibẹ̀. Lọ́dún 1976, ọba Sweden fúnra rẹ̀, Carl XVI Gustaf, wá kí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: àjọ̀dún ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ò lè san owó ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí wọ́n ṣe nípa ẹ̀ ni pé wọ́n pín ìdí táwọn àlejò á fi wá sórí oṣù oríṣiríṣi. Orin Messiah wà lásìkò Àjíǹde. Nínú oṣù kẹfà, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú oṣù kejìlá, wọ́n ń ṣe ti Lucia, níbi tí ọmọbìnrin kan ti máa ń dé adé àbẹ́là. Bí ti oṣù kan bá parí, ti òmíràn ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹṣin Dala di àmì ìlú

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọjà ti wọlé gan-an nìyí. Ní agbègbè Dalarna ní Sweden, ọjọ́ pẹ́ táwọn èèyàn ti ń gbẹ́ igi ní ìrí ẹṣin, tí wọ́n ń kùn ún fáwọn ọmọdé. Ẹṣin ńlá kan irú ẹ̀ tí wọ́n gbé síbi àpéjọ àgbáyé ní New York lọ́dún 1939 ló sọ ọ́ di àmì Sweden lójú ayé.

Ẹ kíyè sí i pé Värmland ni ọ̀pọ̀ àwọn tó dá Lindsborg sílẹ̀ ti wá, kì í ṣe Dalarna. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ló mú ẹṣin yìí fúnra wọn, nítorí pé kò sẹ́ni tó rí i tí kò ní í mọ̀ ọ́n. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà wá ń gé pákó ní ìrí ẹṣin, wọ́n ń kun òdòdó sí i, wọ́n sì ń kọ orúkọ oníbàárà tàbí nọ́ńbà ilé ẹ̀ sí i láti fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ̀nyí wà lẹ́nu ọ̀nà ilé káàkiri ìlú náà.

Ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀ o. Ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lókèèrè lè ṣe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ẹṣin lówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n àlejò tó dúró síwájú oníṣẹ́ ọnà, tó wò ó bó ṣe ń kọ orúkọ ìdílé òun sí pákó, kò tún ní í máa dúnàádúrà nítorí ti olówó pọ́ọ́kú yẹn.

Láti ọdún 2000, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í to ère ẹṣin ńláńlá sójú títì. Àwọn oníṣòwò àtàwọn ẹgbẹ́ ló ń náwó sí i, ayàwòrán á sì kun ún ní àrà ọ̀tọ̀. Àlejò tó fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní láti rìn kọjá níwájú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó náwó sí ère kan ti polówó fún aládùúgbò ẹ̀ náà nìyẹn.

Ibi tó ti lè yíwọ́

Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló dùn bí oyin. Èdè Sweden kì í ṣe èdè tí wọ́n fi ń nájà nílùú náà mọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni ò sì ní ẹ̀jẹ̀ Sweden lára. Bí ìlú bá ń ta àṣà tí kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́, àlejò á fura, ọjà á sì tutù. Ìdí nìyẹn tí ijó táwọn ọmọ iléèwé ń kọ́ àti orin tí àwọn ará ìlú ń kọ fúnra wọn fi ṣe pàtàkì ju ohun tó wà lórí káńtà lọ.

Wọn ò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tuntun. Lọ́dún 2003, wọ́n ṣí iléèwé ayò chess kan síbẹ̀ lórúkọ Anatoly Karpov, ọmọ Rọ́ṣíà tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú ayò náà lágbàáyé. Ẹni tó mọ̀ pé àwọn ará Sweden ló dá ìlú náà sílẹ̀ á rí i pé ohun tó bá lè mú àlejò wá ni wọ́n ń wá.

Ṣé ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́? Lọ́dún 2010, èèyàn 3,458 ló wà nílùú náà. Lọ́dún 2020, ó ti di 3,776. Èyí kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀pọ̀ ìlú abúlé ti ń dínkù, ẹni tó lé díẹ̀ ti borí.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó yáwó lọ kó ọjà tí gbogbo ayé ń tà, ẹ kọ́kọ́ yẹ àyíká yín wò: kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn, ta lẹ lè bá da owó pọ̀, oṣù mélòó lọ́dún ni àlejò sì ní ìdí láti yà lọ́dọ̀ yín? Ẹni tó bá rí ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ti rí ìdí ọjà tiẹ̀.