Lẹ́yìn Tí Wolé-wolé Bá Lọ

Àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa kò ní í gbàgbé bí àdúgbò ti í rí ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá pariwo pé wolé-wolé ń bọ̀: ìyálé a máa da omi àmù tí tanwíji ti ń jó nínú rẹ̀ nù, ìyàwó a máa gbá ẹ̀yìnkùlé, ọmọdé a máa fi eérú fọ ìkòkò títí yóò fi dán, ṣùgbọ́n kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ìdérí àmù a ti tún wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìmọ́tótó ojú ayé yìí gan-an ni mo rí pé ó ń ba ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ oúnjẹ jẹ́.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ní Blakely, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Peanut Corporation of America a máa yan ẹ̀pà nígbà kan rí, a máa lọ̀ ọ́, a sì máa tà á fún àwọn tí ń ṣe bisikíìtì àti ìpápánu. Bí iná bá tó o, yíyan a máa pa kòkòrò salmonella tí ó lè wà lára ẹ̀pà tútù; ṣùgbọ́n kí ni èrè iná, bí òrùlé bá ń jò, bí aáyán bá ń rìn, bí ẹ̀pà tútù àti èyí tí ó jinná bá jọ ń gbé ojú kan? Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí ní Blakely. Nígbà tí àyẹ̀wò bá fi salmonella hàn, wọ́n a tún gbé òmíràn lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n a sì kó ọjà jáde. Ìgbà mìíràn sì wà tí wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí fún ẹ̀pà tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò rí. Láàárín 2008 sí 2009, ènìyàn 714 ni a kà mọ́ àwọn tí àìsàn tí salmonella inú ẹ̀pà yìí fà kọlù ní ìpínlẹ̀ 46, ènìyàn 9 sì kú. Ní 2015 ni ilé ẹjọ́ rán Stewart Parnell, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 28.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ní 2008 yìí kan náà, àwọn tí a pè wá ṣe àyẹ̀wò fún ilé iṣẹ́ náà ní máàkì gíga. Wolé-wolé ti lọ; tanwíji kù nínú àmù.

Ta ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ pé òrùlé ń jò, bí kò ṣe ẹni tí ń gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀? Bí ó bá sọ ọ́ tí a bú u, tàbí tí a gé owó rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ dúró, yóò panu mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá tí ó sì ń ṣàwáwí pé ọjà ló ń kán òun lójú, ọ̀bùn tí ó rí ikú ọkọ tìrànmọ́ ni. Ẹ wo iṣẹ́ gaàrí: rírin ẹ̀gẹ́, kíkan rẹ̀, fífún omi rẹ̀ àti yíyan rẹ̀ ni í mú májèlé inú rẹ̀ dínkù. Ìyá àgbà tí ó mọ iṣẹ́ a ti ọwọ́ bọ inú àpò, a bu díẹ̀, a gbóòórùn rẹ̀, a ní kò tíì kan. Kò sí owó tí yóò mú un gbé agbada kaná lọ́jọ́ náà. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá di òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, ǹjẹ́ ó lè ní kí ọkọ̀ akẹ́rù padà lófìfo, kí ọ̀gá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Níbi tí èyí bá ti ṣeé ṣe, ìmọ́tótó ti di àṣà níbẹ̀.

Ilé oúnjẹ Jack in the Box ní Amẹ́ríkà fi ojú rí tirẹ̀ ní 1993, nígbà tí ẹran lílọ̀ tí kò jinná tó mú kí àwọn tí ó lé ní 700 ṣàìsàn, tí ọmọdé 4 sì kú. David Theno ni wọ́n gbà láti tún ilé ṣe. Ó fi dandan lé e pé kí a máa yẹ ẹran wò láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tà á fún wọn, ó sì fi àwòrán ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 6 kan, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kú, sínú àpò ìwé rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le, a yọ ọ́ jáde, a wò ó, a sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ọmọ náà ìbá fẹ́ kí òun ṣe.