Ìpèsè Irinṣẹ́ fún AI Láti Ka Ọ̀rọ̀ inú Àkọsílẹ̀ Yorùbá

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí olùkọ́ Yorùbá ṣe lè pèsè irinṣẹ́ fún AI tí ń báni kọ ètò kọ̀ǹpútà, kí ó lè bá a ka ọ̀rọ̀ inú àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kó àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu jọ sínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá ní kí AI fúnra rẹ̀ sọ iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ nínú wọn, ó lè méfò. Ṣùgbọ́n iye kì í ṣe ohun tí à ń méfò. Kíkà ni à ń kà á.

2. Ìlànà MCP

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà Model Context Protocol, tí ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ MCP, jáde. Òun ni AI àti irinṣẹ́ fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ètò kékeré kan tí ń jẹ́ server yóò kọ́kọ́ sọ irinṣẹ́ tí ó ní, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti ohun tí ó ń gbà. Nígbà tí a bá béèrè ọ̀rọ̀, AI yóò yan irinṣẹ́ tí ó bá a mu. Server yóò ṣe iṣẹ́ náà, yóò sì dá èsì padà.

3. Bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀

(a) A ó fi Python 3.10 tàbí èyí tí ó jù ú lọ sórí kọ̀ǹpútà, a ó sì pàṣẹ pé: pip install mcp.

(b) A ó kọ ètò tí ń ka ọ̀rọ̀ sínú fáìlì onka.py, pẹ̀lú àlàyé tí ó yé ni yékéyéké. Àlàyé yìí ni AI ń wò kí ó tó yan irinṣẹ́.

(d) Bí ó bá jẹ́ Claude Code ni à ń lò, a ó fi irinṣẹ́ hàn án báyìí: claude mcp add onka -- python onka.py.

(e) Bí server bá wà lórí kọ̀ǹpútà tiwa, a kò gbọdọ̀ fi print kọ ohunkóhun jáde, nítorí ojú ọ̀nà kan náà ni èsì ń gbà.

4. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Lójú wa, ẹyọ kan ni ọ́. Unicode kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún un. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà tẹ̀ ẹ́: ọ àti àmì òkè. Ó àti àmì ìsàlẹ̀. Tàbí o lásán, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè. Nítorí náà, bí ènìyàn mẹ́ta bá tẹ ọkọ́, kọ̀ǹpútà lè kà á sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Àwọn kan a máa yọ gbogbo àmì dànù kí ó lè rọrùn. Èyí burú jù, nítorí pé ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ ọdẹ yóò di ọ̀kan náà. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a lo unicodedata.normalize, kí a sì yan NFC, fún àkọsílẹ̀ àti fún ọ̀rọ̀ tí à ń wá, kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Láti dán an wò, kí a tẹ ọkọ́ ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fáìlì kan. Ọ̀rọ̀ kan, ìgbà mẹ́ta, ni èsì tí ó tọ́.

5. Ààbò

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Èsì irinṣẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ AI, èyí tí ó sábà máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí a yọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò. Kí irinṣẹ́ máa dá iye nìkan padà, kì í ṣe àròkọ. Kí ó lè ka fáìlì, kí ó má lè pa á rẹ́.

6. Ìkádìí

A ti rí i pé gbígbé server kalẹ̀ kò nira. Èyí tí ó nira ni kí irinṣẹ́ mọ ohun tí àmì ohùn jẹ́ nínú èdè wa. Àwa olùkọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí a kọ́ ọ.