Aṣọ Ọmọ Tuntun Láti Inú Àpótí Ìyá Àgbà

Bí oyún bá ti wọ oṣù keje, tí ara gbogbo ẹbí sì ń yá gágá láti rí ọmọ tuntun, àgbàlagbà kan máa ń wà nínú ilé tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ìyá ọkọ ni o, tàbí ìyá ìyàwó. Yóò ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, yóò kó àjákù àǹkárá, ìdajì ìró tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé, àti bùbá àtijọ́ tí ó ti rọ̀ wọ̀ọ̀ síta. Yóò wá abẹ́rẹ́ àti òwú, yóò sì ní òun fẹ́ rán aṣọ fún ọmọ-ọmọ òun. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má ṣe rò pé nítorí tí aṣọ ọmọ kún ìsọ̀ lọ́jà ni iṣẹ́ yìí kò fi ní iyì mọ́. Aṣọ tí a fara balẹ̀ rán nílé a máa rọ ọmọ lára, a máa dín ìnáwó kù, a sì máa pẹ́ ju ọ̀pọ̀ èyí tí a ń rà lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àpótí yẹn tí ó lè ba ayé ọmọ jẹ́, n ó sì sọ ọ́ láìfi bò nígbà tí mo bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aṣọ. Òwú ni ó yẹ ara ọmọ ọwọ́ ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, nítorí pé a máa fa òógùn mu, a sì máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan ara. Òwú pọ́ńbélé ni àǹkárá tí àwọn ìyá wa mọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tí ó wà lọ́jà lónìí jẹ́ pọliẹ́sítà. Ojú nìkan ni wọ́n fi jọ ara wọn. Ọ̀nà tí ẹ ó fi dá wọn mọ̀ kò ṣòro. Ẹ fa fọ́nrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin yọ létí aṣọ náà, ẹ gbé e sínú àwo irin, ẹ ṣáná sí i, kí ẹ sì rí i pé kò sí ọmọdé nítòsí. Bí ó bá jẹ́ òwú, yóò jó bí ìwé, yóò rùn bí ìwé tí ń jó, eérú rẹ̀ yóò sì kúnná. Bí ó bá jẹ́ pọliẹ́sítà, ńṣe ni yóò yọ́, tí yóò sì dì sí kóró líle bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tí ó yọ́ yìí, ẹ fi rán àpò ọjà. Ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó gé e, nítorí òwú tuntun a máa fà wọlé bí omi bá kọ́kọ́ kàn án. Ní ti àdìrẹ tí a rẹ láró, ẹ máa ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara, nítorí kò sí ọmọ ọwọ́ tí kì í fi etí aṣọ rẹ̀ sẹ́nu. Aṣọ òkè, léèsì àti ohunkóhun tí ó ní òwú dídán nínú, ti ọjọ́ ìkómọ ni, fún wákàtí kan péré. A máa ha ọmọ lára. Bí ẹ bá bi mí, n ó ní bùbá bàbá ọmọ tí a ti fọ̀ fún ọdún márùn-ún sàn ju gbogbo wọn lọ.

Inú irú bùbá bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ti gé ìlédìí. Ínṣì 27 níbùú lóròó ni, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì kí ó má baà tú, ó parí. Méjìlá tó fún ẹni tí yóò máa lo ti ọlọ́jà bí ó bá ń jáde. Ẹni tí kò fẹ́ ra ti ọlọ́jà rárá yóò nílò tó 24.

Ẹ̀wù ni ó gba ìrònú, nítorí pé ọmọ a máa dàgbà ju bí a ti rò lọ. Ọmọ tí ó gùn tó nǹkan bí ínṣì 20 lọ́jọ́ tí a bí i yóò ti tó nǹkan bí ínṣì 30 nígbà tí ó bá pé ọdún kan, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì ti di ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, aṣọ tí ó bá ọmọ mu rẹ́gí lónìí, òfò ni. Fún ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì, ẹ gé ègé àǹkárá méjì, kí ibú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 17, kí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 22. Ní igun òkè méjèèjì, ẹ gé ihò apá bí ìlàjì òṣùpá, ínṣì 2 wọ inú, ínṣì 5 lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ pọ̀, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ká ihò apá, ẹ ṣẹ́ òkè iwájú àti ti ẹ̀yìn ní ínṣì kan, kí ẹ sì ti rọ́bà ínṣì 7 bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ fífẹ̀ méjì tí a rán mọ́ ọn pinpin ni yóò gba èjìká kọjá. Àwọn kan a máa fi okùn gígùn so ó lọ́rùn dípò èyí. N kò fẹ́ ẹ rárá, nítorí okùn tí ń fì lọ́rùn ọmọ tí ń sáré lè kọ́ ilẹ̀kùn tàbí igi, kí ó sì fún un lọ́rùn. Ní ìsàlẹ̀ ẹ̀wù, ẹ fi ìṣẹ́tí ínṣì mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ sì ṣẹ́ aṣọ po ní ìlà méjì lókè rẹ̀, ìdajì ínṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó rí bí ọ̀ṣọ́. Bí ọmọ bá ṣe ń ga ni ẹ ó máa tú ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wù náà yóò sì fi ínṣì kan gùn sí i.

Àjákù tí kò tó ẹ̀wù kì í ṣe ohun ìdànù. Ẹ gé wọn ní ínṣì 5 níbùú lóròó, ẹ rán mẹ́jọ mẹ́jọ pọ̀ ní ìlà mẹ́jọ. Bí ẹ bá fi ìdajì ínṣì ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ègé 64 wọ̀nyí yóò fún yín ní aṣọ ínṣì 33 níbùú lóròó. Ẹ fi aṣọ àtijọ́ kan tẹ́ inú rẹ̀, ẹ rán òmíràn mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ òyìnbó ni èyí, kí ó wo aṣọ eégún dáadáa (láti ọ̀ọ́kán o!), kí ó rí bí a ti ń to ègé onígun mẹ́ta àti onígun mẹ́rin mọ́ra wọn nílẹ̀ yìí. Orí ẹní ni ààyè aṣọ yìí, kí ọmọ lè máa dojú bolẹ̀ ṣeré lórí rẹ̀ nígbà tí ó bá jí tí ẹ sì ń wò ó. Ẹ má fi bo ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan bí ó bá ń sùn. Ẹ má sì fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orí rẹ̀, ìbáà ṣe èyí tí ìyá àgbà rán pé kí orí ọmọ lè rí roboto. Bí nǹkan rírọ̀ bá bo ọmọ nímú, kò ní agbára láti ṣí i kúrò. Ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tẹ́ ẹ, lórí ibùsùn títẹ́jú tí kò rì.

Ọ̀já ńkọ́? Kíjìpá ni ó dára jù bí ẹ bá rí i, nítorí pé kì í fà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ṣẹ́ aṣọ òwú lílágbára po ní ìlọ́po méjì, kí ibú rẹ̀ tó ínṣì 9, kí gígùn rẹ̀ tó yáàdì méjì àbọ̀, kí ẹ sì ran ìlà púpọ̀ gba inú rẹ̀ lọ. Pípọ̀n tí a ń pọn ọmọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní yíyà a máa jẹ́ kí oríkèé ìbàdí rẹ̀ jókòó síbi tí ó yẹ. Ọmọláńgidi náà dùn ún rán, ṣùgbọ́n òwú ni kí ẹ fi ya ojú rẹ̀, ẹ má lo bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọ lè já gbé mì.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kí ni àpótí ìyá àgbà máa ń rùn? Kánfọ̀ ni. Àwọn kóró funfun tí a ń jù sáàárín aṣọ wọ̀nyí, náfútálíìnì ni ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Èéfín rẹ̀ a máa mu aṣọ, a sì máa gba imú àti awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD kò tó lára wọn láti inú oyún wá. Kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa: nǹkan bí ọmọkùnrin 1 nínú 5 ni ó rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í hàn lójú. Bí kánfọ̀ bá wọ ara irú ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Ojú àti awọ rẹ̀ yóò pọ́n rúsúrúsú, ibà pọ́njú dé nìyẹn. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò wọ inú ọpọlọ. Ọmọ lè kú, èyí tí ó bá sì yè é lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣe bí ó ti yẹ títí ayé. Gbígbé ọmọ sí oòrùn òwúrọ̀ kò wò ó, bẹ́ẹ̀ ni omi glúkóòsì kò wò ó. Lọ́jọ́ náà gan-an tí ẹ bá rí i pé ojú ọmọ pọ́n ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí wọn yóò ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọn yóò sì gbé e sábẹ́ iná tí a ṣe fún un bí ó bá yẹ.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé kánfọ̀ náà kò wúlò fún aṣọ òwú. Irun àgùntàn àti sílíkì ni kòkòrò ajẹṣọ ń wá. Sányán nìkan ni ìyá àgbà ìbá máa bẹ̀rù fún. Ọ̀rinrin, aáyán àti eku ni ọ̀tá òwú, páànù tí ìdérí rẹ̀ mú sì tó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aṣọ tí ó ti gbé inú kánfọ̀ tẹ́lẹ̀, fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò lè mú un kúrò lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbà lò ó, kí ẹ má fi kan ọmọ tuntun.

Mo mọ̀ pé bí a ó ti sọ ọ́ fún ìyá ọkọ ni ó ń dẹ́rù ba ìyàwó. Lójú tèmi, ọkọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, kí ó tó di pé ọmọ dé. Èyí tí ó tún dára jù ni pé kí ẹ tètè ra yáàdì mẹ́rin aṣọ òwú funfun àti páànù tuntun kan, kí ẹ kúnlẹ̀ gbé e fún ìyá ní oṣù kẹfà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí ni a fẹ́ kí ẹ fi bá wa rán aṣọ ọmọ yín." Nípa bẹ́ẹ̀ kò ní ṣí àpótí rárá. Bí ó bá sì ti gbé tirẹ̀ wá, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì sọ pé ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti kìlọ̀ kánfọ̀ fún yín, ẹ ó máa tọ́jú rẹ̀ títí ọmọ yóò fi dàgbà.

Aṣọ ọmọ tí ẹ bá sá síta, ẹ lọ̀ ọ́ tojú tẹ̀yìn, pàápàá ibi tí a ti rán an pọ̀. Eṣinṣin kan wà tí ń yé ẹyin sára aṣọ tí kò gbẹ tán. Ìdin rẹ̀ a máa wọ inú awọ ọmọ, a sì wú bí oówo. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni ó ń pa á. Bí wọ́n bá ti tutù, ẹ ká wọn sínú páànù, ìlédìí lókè, ẹ̀wù nísàlẹ̀, kí ẹ gbé e síbi gbígbẹ títí di ọjọ́ tí ẹ ó lọ bímọ.